Káàdì Catherine

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí mo bá jókòó sórí àga pẹ́nrẹ́n, mo mọ ara mi, n óò tún máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ilé ìwé, n óò sì yí òótọ́ po mọ́ yín lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Gbogbo ará Igbodigo ló gbà pé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló pa Jùwọ́nlọ́lá ọmọ yín, torí ohun tí mo sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé òkú rẹ̀ wá bá yín. Irọ́ ni mo pa. Ẹnu mi ló pa á, ẹnu yìí kan náà tí mo fi ń ṣe àdúrà fún ìjọ.

Ẹ mọ̀ pé Catherine, ìyàwó mi àkọ́kọ́, ti kú kí n tó mọ Jùwọ́nlọ́lá. Nígbà tó wà láyé, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ tèmi nínú ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ṣe fún àwa òṣìṣẹ́. Káàdì tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù kan ní Okitipupa. Òfin wọn kò le rárá. Bí ìyàwó bá kú, bí èèyàn bá fẹ́ òmíràn, bí ọmọ bá dé, kó lọ gba fọ́ọ̀mù, kó yọ orúkọ kan, kó fi òmíràn sí i. Èmi gan-an ni mo máa ń kọ fọ́ọ̀mù náà fún àwọn tíṣà tí ọwọ́ wọn kò yá. Mo kọ tẹlòmíì, mo fi tèmi sílẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ṣe mí. Àwọn ẹbí Catherine ti sọ fún mi lójú ìjọ ní Àyèká pé n kò gbọdọ̀ mú obìnrin kankan títí a ó fi ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Catherine kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílẹ̀ tí Jùwọ́nlọ́lá fi lóyún fún mi. Ìjọ sì ń múra láti fi òróró yàn mí sípò Alàgbà lọ́dún náà. Olúwafúnmiláyọ̀ tó ń gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ètò ìlera yẹn, àbúrò Catherine ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ orúkọ aláboyún síwájú rẹ̀? Mo gba yàrá fún ọmọ yín ní Okitipupa, níbi tí ojú àwọn ará ìjọ kò ti ní tó o, mo sì mú káàdì Catherine fún un. Fọ́tò orí rẹ̀ ti ṣá, gèlè nìkan ló hàn dáadáa; ilé sì ni Catherine kú sí, ọsibítù kò gbọ́.

Ó kọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ bá mi kọ orúkọ tèmi. Bí wọ́n bá pe olóògbé, ṣé èmi ni kí n dáhùn?" Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìwé lásán ni, kó ṣáà máa dáhùn, tí a bá ti ṣe ìrántí tán n óò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì pe Catherine kí n tó fi ìgúnpá gún un kó tó dìde. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé àṣírí ti tú. Síbẹ̀, n kò lọ gba fọ́ọ̀mù.

Ó ku oṣù kan kí ìrántí pé nígbà tí ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe pùpùrù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú, ara rẹ̀ gbóná, mo gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, fáìlì Catherine, ó ní, "Màmá, wọ́n ti fún yín ní pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mẹrin rí, kò sì ṣe yín ní nǹkan kan. Òun náà la ó tún fún yín." Jùwọ́nlọ́lá wò mí. Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi nínú ilé yìí pé abẹ́rẹ́ yẹn kò bá a lára mu, pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀fun rẹ̀ dí, díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Mo rántí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo gbàgbé. Ó la ẹnu, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ yẹn," mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Ó ti gbà á rí. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà á." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ni, pé ara rẹ̀ ti lè gbà á báyìí.

Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi wú, tí kò rí èémí mí. Dókítà sáré wọlé, ó bi mí bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ìyá mi, mo dúró níbẹ̀, mo ní n kò mọ̀. Jùwọ́nlọ́lá di aṣọ mi mú. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní, "Tíṣà, ẹ sọ orúkọ mi fún wọn." N kò sọ ọ́. Wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè, òun kò sì jí mọ́. Wọ́n kọ ìwé ikú, Catherine ni wọ́n kọ. Wọ́n kọ ìwé ìbí Àánúolúwa, wọ́n ní Catherine ló bí i. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n da òróró sí mi lórí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo mú ìwé ìbí Àánúolúwa jáde fún ilé ìwé rẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ níwèé. Ó ní, "Bàbá, ìyá àgbà ní Jùwọ́nlọ́lá ni ìyá mi. Ìwé yín ní Catherine ni. Ta ló ń parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ọjọ́ kejì ni mo lọ gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí ikú bá ṣẹlẹ̀, bí ìyàwó bá wọlé, ẹ lọ yí orúkọ padà, ojú ìbáà tì yín. Ìtìjú tí mo sá fún, kò jù kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìyá mi, fọ́ọ̀mù náà rèé. Mo ti kọ̀wé sí ìjọ pé kí wọ́n gba ipò Alàgbà wọn padà. Lọ́jọ́ Ajé, n óò mú un lọ síwájú Olúwafúnmiláyọ̀, n óò sọ bí mo ṣe sọ fún yín yìí, kí wọ́n pe ọlọ́pàá bí wọ́n bá fẹ́. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìlà yìí, níbi tí wọ́n ti ní ká kọ orúkọ ẹni tó kú. Mo ti kọ ọ́. Jùwọ́nlọ́lá ni mo kọ.