Àwọn Tó Ń Dárúkọ Ọmọ Ìyá Aláró

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun Bìáfrà, mo wà lórí ìlà láti ra sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kan l'Óṣogbo nígbà tí ìyá aláró tó wà níwájú mi ní kí akọ̀wé rélùwéè kan tó wà lórí ìlà náà bá òun ka lẹ́tà tí ọmọ òun kọ láti Amẹ́ríkà.

“Ìyá, ó ní òun ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa yan ìdáhùn bí àgbẹ̀ ti ń yan irúgbìn àgbàdo. Méjì tó bá dára, wọ́n á bí òmíràn.”

“Ìdáhùn ń bímọ?”

“Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé ń dárúkọ òun nínú ìwé wọn.”

“Ṣé ó mọ̀ wọ́n?”

“Kò mọ̀ wọ́n, ìyá.”

“Kí ló wá ṣe fún wọn?”

Akọ̀wé họrí. “Bóyá wọ́n ń yìn ín, bóyá wọ́n ń bá a jiyàn. Kò sọ.”

“Tún un wò, ọmọ mi. Mo fẹ́ ṣe sàárà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Ṣé kí ààfáà bá mi dúpẹ́ ni, àbí kí wọ́n tọrọ ìṣọ́ fún un?”

Ó yí lẹ́tà náà síwá sẹ́yìn. “Ìyá, kò yé èmi náà.”

“Ó dáa. N ó ṣáà dín àkàrà. Ọlọ́run tó mọ̀ wọ́n ni yóò mọ irú sàárà tó jẹ́.”