Ọba Méjì Tí Mo Dà Nù

Èlùbọ́ ni mò ń sá báyìí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iṣu tó yẹ kó ti dé Ìbàdàn ni mò ń bẹ, tí mò ń bọ̀ lómi gbígbóná, tí mò ń sá sórí àpáta lẹ́yìn ilé wa ní Ṣakí níbí. Ẹni tó bá ta iṣu rí mọ̀ pé àdánù ni kéèyàn sọ ojúlówó iṣu di èlùbọ́. Ẹ má sì sọ fún mi pé háráàmù ni tẹ́tẹ́. Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ìyẹn.

Ibi tí a ti ń dúró de lọ́rì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ti bàjẹ́, lọ́rì kì í wá déédéé mọ́, kálukú sì ní ipò kan péré nínú rẹ̀, ìyẹn àyè òkìtì iṣu kan. Òkìtì méjì ni èmi rà, ojúkòkòrò ló fà á. Dírẹ́bà kan tó ń ná Kútọnu ló kọ́ wa ní káàdì tí wọ́n ń pè ní póka. Wọ́n á fún kálukú ní méjì tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ rí, wọ́n á wá máa ṣí ìyókù sílẹ̀ láàárín ẹní. Bí ẹnì kan bá fi nǹkan lé e, kí o fi irú rẹ̀ lé e, tàbí kí o da tìrẹ nù. Iṣu díẹ̀díẹ̀ la fi ń ta á.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun, ọba méjì, ìyẹn káàdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù, ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọba méjì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́. Àwọn yòókù ti da tiwọn nù, ó ku èmi àti Bàbá Sàká, àgbẹ̀ arúgbó kan láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó jẹ́ pé dídà káàdì nù ni tirẹ̀ nígbà gbogbo. Bàbá wò mí, ó ní, "Ìyá Súlè, mo fi ipò mi lé e." Bí mo bá fi ipò tèmi náà lé e, tí mo sì jẹ, òkìtì mi méjèèjì á wọ lọ́rì. Bí n kò bá jẹ, ẹyọ iṣu kan kò ní lọ. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní kábàámọ̀?" Ó ní, "Ẹ ń nájà tí ẹ ò fẹ́ rà ni."

Ọwọ́ bàbá yìí máa ń gbọ̀n, ogbó ló fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo tí ọwọ́ yẹn kì í gbọ̀n ni ìgbà tó bá mọ̀ pé iṣu òun dára, tí kò sì ní dín kọ́bọ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Ó dúró pa. Mo rántí olóògbé ọkọ mi, tó kó gbogbo ẹrù wa sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ náà sì jóná lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo da ọba méjèèjì nù.

Bàbá po káàdì tirẹ̀ mọ́ ìyókù. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ mú lọ́wọ́?" Ó ní, "Ìyá Súlè, ẹ ò sanwó ìwòran." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Títí dòní, bí mo bá tún bi í, èsì kan náà ni.

Òkìtì kan lọ, oòrùn sì ti fẹ́ máa ba èkejì jẹ́, òun ni mò ń sá ní èlùbọ́ yìí. Lọ́jà, ohun tí mo bá kọ̀ láti rà, bó pẹ́ bó yá màá gbọ́ iye tí wọ́n tà á, màá mọ̀ bóyá mo gbọ́n tàbí mo gọ̀. Èyí, n kò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Ká ní mo fi ipò mi lé e, tí mo pàdánù ni, ǹ bá ti sunkún tán. Ṣé ohun tó mú lọ́wọ́ ló jẹ́ kí ọwọ́ bàbá dúró, àbí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni mò ń wò?

Ẹ bá mi dá sí i. Ká ní ẹ̀yin lẹ mú ọba méjì, ṣé ẹ ó dà á nù? Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fèsì, ẹ kọ́kọ́ lọ kó iṣu tiyín sójú oòrùn ná.