Honorébù Tí Kò Lè Ní "Rárá"

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá gbé ọmọ dání kó gbé e lé itan, kẹ́ ẹ sì pa fóònù yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń fẹ́ sọ lójú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Honorébù Àkànjí, tó ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní sáà mẹ́ta kí ọlọ́jọ́ tó dé níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Kì í ṣe ọ̀dájú. Ó máa ń kí èèyàn, ó sì máa ń béèrè ọmọ. Ọ̀sìn ẹja ló gba ọkàn rẹ̀. Ó gbẹ́ adágún mẹ́fà sẹ́yìn ilé, kò sì sí àìsàn tó ń ṣe ẹja àrọ̀ tí kò lè to orúkọ rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n nílé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá, iṣẹ́ wa ò le. Alága á béèrè bóyá a gbà. Àwa tí ẹgbẹ́ ti bá sọ̀rọ̀ nílé á ké pé 'Bẹ́ẹ̀ ni!' Á fi òòlù lu tábìlì, ó parí. Ìrọ̀lẹ́ kì í bá mi lọ́nà, mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹja mi."

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ tí a gbà kọjá yìí, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo na ara lórí ẹní nínú yàrá ẹ̀yìn ìjọ. N kò tíì pa ojú dé tán tí ẹnì kan fi ọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo wò ó: Ìyá Sùnmbọ̀ ni, tí odò wa gbé lọ lọ́dún tó kọjá tòun ti ẹrù ẹ̀gẹ́ lórí.

Ó ní, "Bàbá Dèbórà, ẹ dìde. Àbí ẹ rò pé ebi nìkan ni wọ́n fi ń gba ààwẹ̀?"

Mo tẹ̀ lé e. A gba ibì kan kọjá tí àwọn òpùrọ́ ti ń fa ahọ́n ara wọn jáde bí okùn tí kò lópin. Àwọn alágbèrè ń kan ilẹ̀kùn ilé tiwọn, ará ilé ń dáhùn pé àwọn ò mọ̀ wọ́n. "Ohun tí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe," ni Ìyá Sùnmbọ̀ wí, kò sì dúró.

Lẹ́yìn náà a wọ gbọ̀ngàn ńlá kan tí àga kún inú rẹ̀. Gbogbo wọn ṣófo àfi ọ̀kan. Àkànjí ló wà níbẹ̀, agbádá rẹ̀ ti di eérú léjìká. Ẹnì kan tí n kò rí ojú rẹ̀ jókòó sókè, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé ká fi kún iná náà?" Mo rí Àkànjí tó ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, omijé ń dà, ó ń tiraka kó lè ní rárá, rárá péré, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n wí, ṣùgbọ́n ẹnu náà là fúnra rẹ̀, ó ké pé "Bẹ́ẹ̀ ni!", òòlù ró, iná sọ, wọ́n tún béèrè, ó tún ké, òòlù tún ró, mo ń sá, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò lójú kan.

Mo ké pé, "Ìyá Sùnmbọ̀, ẹ gbà á sílẹ̀!"

"Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀. Ẹ wo àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Mo wò ó. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i. Ẹnì kan ń nu ún.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ta ló gbé ìwé wa lọ fún un?"

Ẹ̀yin ará, ẹ ò gbàgbé ìwé tí a fi bẹ̀bẹ̀ fún afárá lórí odò wa, tí gbogbo yín fi àtàǹpàkò tẹ̀. Èmi lẹ rán. Àkànjí kà á dópin. Ó ní, "Bàbá, ṣé èmi nìkan ni màá dá dìde láàárín wọn?" Ó bá di ẹja yíyan kún agbọ̀n kan fún mi. Mo dé, mo sọ fún yín pé ó ti gbọ́. Òótọ́ ni, ó gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò padà lọ bi í mọ́, nítorí ó ṣòro láti fi ẹnu tó jẹ ẹja ẹni bá ẹni wí. Ìyá Dèbórà, má fojú bẹ́ẹ̀ wò mí. Ìwọ náà jẹ ẹ́. Nígbà òjò ọdún náà ni odò gbé Ìyá Sùnmbọ̀ lọ.

Ó mú mi gòkè dé ibi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. N kò rí wúrà. Omi tó mọ́ ni mo rí, afárá gbòòrò lórí rẹ̀, àwọn èèyàn jókòó lé e, wọ́n sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọn ò kánjú lọ síbì kankan. Ìró ìdí Ìyá Sùnmbọ̀ ti gbẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n dúró.

"Ẹ̀yin? Tòun ti òórùn ẹja lẹ́nu? Ẹ padà lọ jẹ́wọ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Sùnmbọ̀ mi ńkọ́?"

Mo ní, "Òun ló ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà báyìí."

"Ó ń gba odò yẹn kọjá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni tó sunkún lọ́run.

Mo jí, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ óò wọ ilé ìgbìmọ̀ lọ́la: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní rárá kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ̀yin tí a ó sì rán sí wọn, ẹ má jẹun níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ bá ẹni tó gba àga Àkànjí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ kó yó láti ilé.

Ti Àkànjí ti tán. Àkọ́bí rẹ̀ jogún ilé, aya rẹ̀ gba ọkọ̀, àbúrò rẹ̀ kó adágún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Sùnmbọ̀ jogún ẹrù ẹ̀gẹ́, ó sì jogún odò.