Bí Ọlọ́run Ṣe Yọ Ọládélé Nínú Èéfín Abẹ́ Ìlú

Ẹ bá mi pariwo ọpẹ́ sí Olúwa, ẹ̀yin ará! Ẹ jẹ́ kó dé òdìkejì odò! Ohùn tèmi ò jáde tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ bá mi fi tiyín kún un. Ọmọ mi ò kú. Ògo ni fún Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀!

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Iyè mi ti ń jò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá lè sá mọ́ mi lọ́wọ́, èyí tó ṣẹlẹ̀ láyé ọjọ́un á sì dúró gbọin síwájú mi. Tí mo bá fi ti iwájú sẹ́yìn, ẹ bá mi tò ó. Tóyìn, ọmọ Dọ́káàsì ọmọ mi obìnrin, ló ń bá mi kọ ọ́, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi níwájú yín yìí, ká lè fi pamọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀. Látìgbà tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi ju "àmín" lọ. Àmọ́ tí mo bá dákẹ́ sórí eléyìí, kò ní dáa.

Lébírà rélùwéè ni mí tẹ́lẹ̀, ní Kaduna Junction, èmi àti Malam Garba ọ̀rẹ́ mi. Ẹrù la máa ń já nínú wágọ̀nù. Ẹ̀pà, òwú, sìmẹ́ńtì, ohun tó bá ṣáà dé. Kinkinau là ń gbé nígbà náà. Ọládélé, ọmọ mi ọkùnrin, ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Tó bá ti dé, á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ lé irin, á ní, "Bàbá, ó ń bọ̀." A ò tíì gbọ́ nǹkan kan o. Tó bá ṣe díẹ̀, ọkọ̀ ẹrù á yọ. Malam Garba á ní ọmọ yìí, rélùwéè ló máa bá ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wàhálà ẹ̀sìn dé, a kó kọjá odò wá sí Ungwan Boro níbí. Malam Garba dúró sí Kinkinau. Ẹ mọ bó ṣe rí.

Ọládélé wá lọ sí òkè òkun. Mi ò lè pe orúkọ ìlú náà kó yọ̀ lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ kan pé òun ti ríṣẹ́, pé rélùwéè ni, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ń gbà, lábẹ́ ìlú. Ó ní àwọn èèyàn ń rìn lókè, wọ́n ń tajà, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ nísàlẹ̀ wọn. Ó ní iná mànàmáná ni ọkọ̀ èrò ń lò níbẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tún ojú irin ṣe, wọ́n á pa iná. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ti ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì wọ̀ ọ́, kó fa wágọ̀nù òkúta àti irin tuntun. Òun ló ń wà á.

Mo ní, "Dísẹ́ẹ̀lì? Nínú ihò? Èéfín ẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fáànù ńlá wà níbẹ̀, Bàbá. Ó ń fẹ́ ẹ jáde."

Mo ní ṣé kò wá lè wa èyí tó ń gbé èèyàn ni. Ó ní, "Òkúta kì í bú awakọ̀, Bàbá. Èrò ló ń búni."

Mo dúpẹ́. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo, tí a bá ti ṣíwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á pè mí. Kò yẹ̀ ẹ́ rí.

Àfi lọ́jọ́ ìsinmi kan tí kò pè. Dọ́káàsì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo gbà. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ó gba fóònù lọ́wọ́ mi pé bátìrì ti wú, pé òun fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe. Mo tún gbà. Ọjọ́ ìsinmi mìíràn dé, fóònù ò dé.

Ẹ mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Dọ́káàsì kì í jẹ́ kí n fojú kan ṣúgà. Tí ṣíbí bá ti kan agolo lásán, á ti gbọ́ ọ láti kíṣìnì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó ti kókó àti kósé mi, ògì àti àkàrà, mo bu ṣúgà. Ó ń wò mí. Mo tún bu. Kò wí nǹkan kan. Mo bá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará. Ọmọ tí kì í gbà fún mi, tó wá gbà, kí ló mọ̀ tí mi ò mọ̀?

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. A kì í ṣàdédé túfọ̀ fún àgbà. A ó kọ́kọ́ kẹ́ ẹ. A ó jẹ́ kó jẹun, torí tó bá gbọ́ ọ tán, ó di ìgbà tó bá jẹ. Lẹ́yìn náà a ó wá àwọn àgbà tí ojú wọn le, wọ́n á wá jókòó tì í.

Wọ́n sì wá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Pásítọ̀ wa ló ṣáájú, Ìyá Ìjọ tẹ̀ lé e, Alága ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Alága yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Kì í wọlé mi kó má pè mí ní "Lébírà tó ń sanra." Lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá wa, ẹ kú ilé." Bàbá wa!

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ooru mú. Mo ní ó mú. Wọ́n ní òjò ò tètè rọ̀ lọ́dún yìí. Mo ní kò rọ̀. Dọ́káàsì gbé iyán wá, ẹran kún orí ẹ̀. Kò wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ jẹun."

Mo ní, "Ebi ò pa mí."

Pásítọ̀ wú ikọ́, ó ṣí Bíbélì. Ó ní òun kàn fẹ́ ká ṣàṣàrò díẹ̀ lórí Jóòbù. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará! Nínú gbogbo Bíbélì, Jóòbù! Ẹni tí wọ́n ń wá kà fún un pé ọmọ rẹ ti kú! Pásítọ̀, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ yẹn, mo ní láti sọ ọ́.

Mo bá gbà pé Ọládélé ti lọ. Mi ò sunkún. Mo kàn ń wo iyán tó ń tutù. Mo ń rò ó pé ta ni màá bi pé ibo ni wọ́n sin ín sí. Mi ò lè sọ bó ṣe rí nínú mi, ẹ jẹ́ kí n fo ibẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí mo gbọ́, "Salamu alaikum." Malam Garba ni. Ó ti Kinkinau kọjá odò wá, pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ó ti pẹ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa kẹ́yìn, torí ẹsẹ̀, àti torí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó bọ́ bàtà, ó lọ tààrà, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Baba Dele, na zo jaje ne."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbó sáàárín àwọn Hausa, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n là á. Ilé tí èèyàn bá ti kú, Hausa kì í lọ ṣe jaje níbẹ̀. Ta'aziyya ni wọ́n ń lọ ṣe. Jaje ni ti ẹni tí ilé ẹ̀ jó, tàbí tí mọ́tò ẹ̀ dojú dé, àmọ́ tí ẹ̀mí ṣẹ́ kù. Ó jọ bí àwa náà ṣe ń kí èèyàn kú ewu. Malam Garba ò sì lè ṣì í. Inú èdè náà ni wọ́n bí i sí.

Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú gírígírí. Mo ní, "Jaje? Ba ta'aziyya ba?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Haba! Wa ya ce maka Dele ya mutu?" Ó ní ta ló sọ fún mi pé Délé kú? Ó ní ó wà láàyè, ó ti jí, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ òun, tí wọ́n jọ dàgbà, ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà, lòun fi ní òun gbọ́dọ̀ wá kí mi.

Ó wà láàyè! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ tún dúpẹ́!

Mo yíjú sí àwọn àgbà. Alága ní, "Lébírà, à ń bọ̀ wá sọ ọ́ náà nìyẹn."

Mo ní, "Ìgbà wo? Ẹ ti dé orí Jóòbù."

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ló bá di ẹ̀rín, ló bá di ẹkún, Dọ́káàsì wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n gbé wá, wọ́n wá gbé e bí ẹni gbé òkú. Mo fa iyán sọ́dọ̀. Malam Garba wẹ ọwọ́, a jọ jẹ ẹ́ tán, tútù tó tutù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọládélé gbé èéfín mì lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò mọ ẹnì kan. Dókítà sọ fún Yétúndé ìyàwó ẹ̀ pé èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pé àwọn á fi oògùn gbé e sùn kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Yétúndé bi í pé ṣé á jí. Ó ní, "Mi ò lè ṣèlérí." Yétúndé pe Dọ́káàsì, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n má sọ fún mi títí ó fi máa yọrí síbì kan. Ó sì yọrí sí rere! Nígbà tí wọ́n dín oògùn kù, ó la ojú, ó di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú. Dókítà náà ní, "Mi ò rò pé á tètè tó báyìí." Olúwa, o ṣeun!

Dọ́káàsì wá lọ yọ fóònù mi jáde nínú àpótí aṣọ ẹ̀. Bátìrì kankan ò wú. Wọ́n pe Ọládélé, mo rí ojú ẹ̀. Ó ti rù. Ohùn ẹ̀ há bí ohùn àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò pè." Mo kàn ń sọ pé, "Máa mí. Máa mí, mò ń wò ọ́."

Nígbà tó wálé ló tó sọ bó ṣe jẹ́ fún mi. Ó ní òun àti ìkejì òun, ọmọ òyìnbó kan, ló wà nínú ẹ́ńjìnnì, wágọ̀nù òkúta sì wà lẹ́yìn wọn. Ibi tí ihò náà ti ń gun òkè, ẹsẹ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí irin. Ẹ́ńjìnnì ń ké, kò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí ọkọ̀ ẹrù rí, ẹ mọ irú èéfín tó máa ń tú tí ẹrù bá wúwo. Níbí, ojú ọ̀run ló ń gbà á. Lọ́hùn-ún, fáànù tó yẹ kó gbé e jáde kú. Èéfín bá padà sọ́dọ̀ wọn.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó pe ọ̀gá wọn lórí rédíò, ọ̀gá ní kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì mìíràn ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá fà wọ́n. Ìkejì ẹ̀ fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ kó máa sá lọ nínú òkùnkùn. Ọládélé dì í mú ní bẹ́líìtì, wọ́n jọ dojú bolẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi omi mímu wọn rẹ aṣọ, wọ́n fi bo imú. Ó ní òun fẹ́ gbàdúrà, ikọ́ ò gbà, "Jésù" nìkan ló ń jáde. Ó wá rí i pé irin abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ń gbọ̀n. Kò sí ariwo kankan. Ó ń gbọ̀n ṣá. Ó ní òun sọ ọ́ síta pé, "Bàbá, ó ń bọ̀."

Ta ló ń sọ ọ́ fún? Èmi wà ní Ungwan Boro níbí, mi ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ Bàbá tó wà lókè gbọ́. Ẹ́ńjìnnì kejì náà dé, wọ́n kọ́ ọ mọ́ wọn nídìí, ó fà wọ́n padà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yọ síta gbangba. Ọmọ òyìnbó yẹn náà wà láàyè, ẹ bá mi dúpẹ́ tiẹ̀ náà.

Ọládélé náà nìyẹn, ó jókòó ti ìyàwó ẹ̀. Dìde, ọmọ mi, kí wọ́n rí ọ. Ó fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, kò dúró sinmi. Ọ̀gá wọn ti ní kò ní wọ abẹ́ ilẹ̀ mọ́, orí ilẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìṣòro, mi ò ní ìwàásù. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, tí èémí ò sì tó, ẹ má bẹ́ sílẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ pe Jésù, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó. Ìrànlọ́wọ́ lè ti wà lójú irin kí etí yín tó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì jókòó sílé tẹ́ ẹ ń wo ojú àwọn èèyàn, ẹ má tíì sin ẹni tí Ọlọ́run ò tíì pè. Ẹ béèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀, lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ, lọ́wọ́ Alága, tí wọ́n ń gbààwẹ̀ fún ọmọ mi nígbà tí mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n gbààwẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Malam Garba tó fẹsẹ̀ arúgbó kọjá odò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dọ́káàsì, ìwọ àti ẹkún tó o dá sun. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ó tó báyìí, Tóyìn. Kà á sókè kí n gbọ́. Má sáré.