Ọ̀já Àkọ́bí

Nínú bọ́lẹ̀kájà tó ń ti Ìyànà Ọ̀fà bọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aboyún kan àti ìyá àgbà tó jókòó tì í.

“Ìyá, àwọn nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn ikùn mi. Wọ́n ní ọmọ ò dàgbà sí i.”

“Kí ni téèpù mọ̀? Bóyá ẹ̀yìn ni oyún tìẹ gbà.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ọ̀já tí mo fi pọn àkọ́bí mi wọ̀n ọ́n. Ibi tí mo ta kókó sí lóṣù tó kọjá náà ló ṣì dé. Ẹ wò ó.”

“Ṣé ọmọ ń mira?”

“Ó máa ń mira tẹ́lẹ̀.”

Tẹ́lẹ̀!

Ìyá àgbà gba ọ̀já náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra tú kókó rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, padà sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì náà lónìí.”