Òróró Mọ́ńdè

Má gbé àga fún mi, Bàbá Àánú! Mi ò jókòó. Ìdúró ni mo máa fi sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó, ìyàwó ẹ á gbé mínírà wá, inú mi á rọ̀, ọ̀rọ̀ á sì kú sí mi lẹ́nu. Ìwọ ni mánijà, ìwọ náà lo ń darí àdúrà níléeṣẹ́ olómi yín, ìwọ ni mo bá wá láti Abakpa, nínú kẹ̀kẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi níbàdí, tí mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Kí ni Motọ́lání ṣe fún yín? Ọmọ ọmọ mi tó kàwé títí, tó ń ṣètò ẹ̀rọ kó lè máa dá ṣiṣẹ́, ẹ ní ẹ̀mí kan ń bẹ lára ẹ̀? Ẹ ní kó wá kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ lé ẹ̀mí náà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gba ilé ẹ̀ lọ? Háà!

Jẹ́ n sọ̀rọ̀! O ti ń sọ tìẹ láti ọjọ́ yìí. Ṣé o mọ ohun tójú ọmọ yẹn ń rí? Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó ní kí ló ń ṣe gan-an tó kàn jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ ó ní òun ló pa á. Bẹ́lìtì já, "na programme." Iná lọ, "na programme." Ẹnì kan ń nulẹ̀, ó fa wáyà yọ, wọ́n ní, "Madam Robot, your programme don craze o!" Fóònù ẹ̀ ò sinmi. Mo ń dirun fún un, ó ń dún. A wà nínú kẹ̀kẹ́, ó ń dún. A wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fún wa ní oúnjẹ Olúwa, àpò ọmọ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí ibà mú! Ó sì dìde, ó jáde lọ gbé e.

Ó ṣàlàyé fún yín, àbí kò ṣàlàyé? Nǹkan kékeré kan wà lára ẹ̀rọ tó ń rọ omi sígò yẹn, òun ni ẹ̀rọ fi ń ríran. Bí ìgò bá dé iwájú ẹ̀, á rí i, omi á wá. Bí kò bá rí nǹkan kan, á dúró. Èmi tí mi ò kọjá ìwé kejì, ó yé mi. Wàyí o, gbogbo Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ ó kọrin, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ìwọ ó gbé òróró ólífì, wàá dà á sí i lára láti òkè délẹ̀ pé kò ní bàjẹ́. Òróró á ṣàn sójú ẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní ríran mọ́! Kó tó dọ̀sán, ó ti dúró. Motọ́lání á nù ún, á ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ó wá ní ẹ ò rí i bí ọ̀tá ṣe ń jà ní Mọ́ńdè, ẹ jẹ́ ká fi kún òróró. Ẹ gbà mí o! Wọ́n tún fi kún un!

Kí lo wí? Èmi ń sọ̀rọ̀ òdì sí òróró? Èmi! Súnmọ́lá, ìwọ Bàbá Àánú yìí, wo ojú mi. Mo ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn látìgbà tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, kó o tó gbọ́ pé ìlú kan ń jẹ́ Enugu tá a wà yìí. Gba òwú yìí. Gbà á, kò ní bù ọ́ jẹ. Òun ni Motọ́lání fi nu ojú ẹ̀rọ ní Mọ́ńdè tó kọjá. Gbóòórùn ẹ̀. Ṣé òórùn ẹ̀mí èṣù nìyẹn? O mọ̀ ọ́n dáadáa, ọwọ́ ìwọ alára ṣì ń ta sánsán ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ò ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ṣíọ̀! Nígbà tí Motọ́lání sọ̀rọ̀ òróró yìí níwájú gbogbo yín, ẹnu ẹ mú. O ní ẹ̀mí tí kò fẹ́ òróró ló ń fọhùn. Ọmọ tí ń kọrin nínú kúáyà! Láti ọjọ́ náà, bó bá gbé abọ́ oúnjẹ jókòó, wọ́n á dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ó ń palẹ̀ mọ́, Bàbá Àánú. Bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ó ń ká aṣọ sí báàgì. Ó ní òun ò ní kúnlẹ̀ nítorí ojú ẹ̀rọ, òun á lọ wáṣẹ́ sí Ṣàgámù. Ta ló fẹ́ fi èmi sílẹ̀ fún? Sandra, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, bí mo bá ní kó bu omi wá, á ní, "Grandma, what?" Motọ́lání nìkan ló kù nínú ilé yẹn tó ń bá mi sọ èdè mi. Bó bá lọ, ṣé ògiri ni kí n máa kí ní àárọ̀?

Ta ló wẹ Àánú? Nígbà tí ìyá ìyàwó ẹ ò lè wá láti Ìbàdàn, orí itan ta lọmọ náà wà? Ṣé mo béèrè nǹkan kan? Òní ni mo wá béèrè.

Bí ọwọ́ bá ń yún ọ lọ́la, mo máa wà lẹ́nu géètì yín. Èmi ni kó o da òróró lé lórí, gbogbo ìgò ẹ̀, kó ṣàn dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n fi ojú ẹ̀rọ sílẹ̀! Kó o sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé òróró ni, kì í ṣe ọmọ mi.

Gbé fóònù ẹ. Pè é nísinsìnyí, létí mi. Ní o ṣàṣìṣe, ní kó tú báàgì yẹn.

Ó ń dún?

Kò gbé e? Ta ni kò gbé e? Motọ́lání tó ń gbé fóònù yín lórí ìkúnlẹ̀! Yéè, mo gbé. Tún un pè. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Súnmọ́lá, mo ti jókòó, wò ó, mo ti jókòó. Tún un pè!