Iná Tí Mo Lé Kúrò ní Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ti di ẹrù. N kì bá tí sọ ọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi Múfútáù wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ kan, mo sì rí i pé bí n kò bá sọ̀rọ̀ báyìí, n kò ní lè wo ojú rẹ̀ mọ́.

Mi ò bẹ káńsù Ìbàdàn o. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní láti bẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Akọ̀wé ni mí ní káńsù, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe títì. Ọkọ̀ ti pọ̀ ní Bẹẹrẹ ju ohun tí ojú ọ̀nà lè gbà lọ: lọ́rì kòkó, bọ̀lẹ̀kájà, kẹ̀kẹ́, alágbàárù. Ọlọ́pàá kan ló ń darí gbogbo wọn, ó ń dúró lórí àpótí láàárín títì, ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Múfútáù ni ọlọ́pàá náà. Ilé kéú kan náà la jọ lọ ní Ìdí Arẹrẹ.

Káńsù wá gbé iná adarí ọkọ̀ wá, èyí tó ń pọ́n tó tún ń di àwọ̀ ewé. Wọ́n ní àwọn máa dán an wò ná. Bó bá ṣe dáadáa, yóò dúró, wọn yóò sì fẹ títì sí i kí ọkọ̀ lè ráyè tò. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọn yóò tú u. Inú Múfútáù dùn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, oòrùn ti fẹ́ẹ̀ sè mí jinná lórí àpótí yìí. Jẹ́ kí iná náà bá mi dúró díẹ̀."

Inú tèmi ò dùn. Iwájú ilé wa tó wà létí títì náà ni wọ́n fẹ́ gé, ibẹ̀ la sì sin ìyá mi sí. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé a kì í gbé òkú ìyá ẹni lọ sínú igbó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ló wà, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ orí rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń gba atẹ́gùn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n óò kọ́kọ́ kí i kí n tó wọlé. Lọ́jọ́ tí mo rí okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, tí wọ́n ta á kọjá lórí ìyá mi, mo pinnu pé iná yẹn ò ní dúró.

Ẹnjiníà tó wà nídìí iṣẹ́ náà kì í ṣe ará Ìbàdàn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, òkè òkun ló ti kàwé. Ó bi mí pé, "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ àdúgbò, ọjọ́ wo ló yẹ kí n mú àwọn ìgbìmọ̀ wá wo iná yìí?"

Mo ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, sà. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán."

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Jímọ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ń padà bọ̀.

Ẹ ò rí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ náà! Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba bọ̀ kó sáàárín àwọn tó ń lọ pàdé àlájì. Aṣọ funfun bo títì. Iná pọ́n, wọ́n ń kọrin lọ. Iná di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ ò ríbi gbà. Àwọn awakọ̀ kan tilẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ kí àlájì. Bàbá arúgbó kan na ọ̀pá sí iná náà, ó ní, "Èèyàn ń ti ilé Ọlọ́run bọ̀, ìwọ gílóòbù lásán-làsàn, o ní kó dúró!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú iná náà. Wọ́n ní kò bá ará Ìbàdàn mu. Irọ́ ni. Láwọn ọjọ́ tó ṣáájú, mo fojú ara mi rí àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ dè é kí wọ́n tó sọdá. Mi ò sọ èyí fún ìgbìmọ̀.

Múfútáù padà sórí àpótí. Lọ́jọ́ òjò kan, lọ́rì kòkó kan ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ já. Ó gbá àpótí, ó gbá ọlọ́pàá. Ọsibítù ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló máa ń jókòó sí, lórí sìmẹ́ǹtì yẹn. Ó máa ń ṣàdúà fún ìyá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ará Ìbàdàn ló kọ iná." Èmi á wá máa wo ilẹ̀.

Ní báyìí, káńsù tún fẹ́ gbé iná wá. Múfútáù ni wọ́n ní kó bá wọn bẹ àwọn onílé kí wọ́n yọ̀ǹda iwájú ilé wọn fún títì. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ilé yín ni mo kọ́kọ́ yà. Bá mi bá àwọn ẹbí rẹ sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹlòmíì tún lọ." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì náà jẹ́jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n hú ìyá mi. Bí wọ́n bá dé, wọn yóò bá mi lójú oórì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ lọ hú ìyá tirẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti la ẹnu mi lọ́jọ́ kìíní pé rárá ni, bóyá òdìkejì títì ni wọn ì bá gé, ọ̀rẹ́ mi ì bá sì ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Mi ò lè la ẹnu kọ̀. Ọgbọ́n àrékérekè ni mo lò. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mi ò ní òmíràn.

Ó ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Rárá ni n óò sọ fún un, n óò sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí ni, àbí kí n sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà ní ìdúró, kó lè tètè yí padà bó bá fẹ́ máa lọ?